Ẹ Má Dá Lọ sí Erédò

Bí ẹ bá fẹ́ wo Erédò Súngbọ́, yàrà àti ògiri àtijọ́ tó wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹ bá onímọ̀ lọ. Ẹni tó bá dá lọ, igbó àti kòtò lásán ni yóò rí.

Awalẹ̀pìtàn ló mú àwa lọ. Ó ní ká dúró nísàlẹ̀ yàrà, ká gbójú sókè. Láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí ògiri tó mítà 20. Ó fi hàn wá pé yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà jáde ni wọ́n kó jọ di ògiri, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Agbára ọwọ́ èèyàn ni gbogbo rẹ̀! Ó bọ̀wọ̀ fún ìtàn tí wọ́n ń sọ l'Òkè-Èrí pé Bílíkísù Súngbọ́, tí wọ́n ní òun ni ayaba Ṣébà, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, síbẹ̀ ó ṣàlàyé pé ayaba Ṣébà inú Bíbélì ti wà tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó gbẹ́ yàrà yìí.

Láti 1995 ni Erédò ti wà lára ohun tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé. Oko àti ọ̀nà sì ń jẹ ẹ́ lọ. Kí ìjọba kọ́ àwọn ọmọ abúlé ibẹ̀ níṣẹ́ amọ̀nà, kí wọ́n sì máa san owó oṣù fún wọn. Ẹni tó bá mọ iyì ògiri kò ní jẹ́ kí katakata wó o.