Ìlú kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo

Ó ti lé ní 2,400 ọdún tí Sophocles, ará ìlú Athens nílẹ̀ Gíríìsì, ti kọ eré Antigone. Síbẹ̀, ó yẹ kí àwọn olórí Áfíríkà wò ó lónìí.

Nínú eré náà, arákùnrin Antigone méjì pa ara wọn lórí ìtẹ́ ìlú Thebes. Creon, arákùnrin ìyá wọn, ló wá jọba. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ dùn ún gbọ́: ó ní olórí tí kì í gba ìmọ̀ràn rere kò níláárí. Ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé ẹni tó kó ogun wọ ìlú nínú àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ rí sàárè. Ẹni tó bá sin ín yóò kú. Antigone bu iyẹ̀pẹ̀ sára òkú arákùnrin rẹ̀. Ọba ní kí wọ́n sé e mọ́ ihò àpáta láàyè.

Haemon, ọmọ ọba tó fẹ́ fi Antigone ṣaya, ló sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ará ìlú ń kùn lábẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lójú ọba, àti pé ìlú tó bá jẹ́ ti ẹnì kan kì í ṣe ìlú mọ́. Creon bínú pé ọmọdé fẹ́ kọ́ òun lọ́gbọ́n. Bẹ́ẹ̀, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí ọba fi máa yí ọkàn padà, ẹ̀pa ò bóró mọ́: Antigone ti kú, Haemon àti ìyá rẹ̀ náà sì kú tẹ̀lé e.

Nelson Mandela ṣe Creon nínú eré yìí lẹ́wọ̀n Robben Island. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ níbẹ̀ ni pé agídí kò yẹ olórí, àánú sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìdájọ́. Lọ́dún 1994, lásìkò tí ológun ń ṣèjọba Nàìjíríà, Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan gbé ìtàn náà wá sílẹ̀ Yorùbá nínú eré Tegonni.

Láti 2020, ológun ti gba ìjọba ní Mali, Burkina Faso àti Niger. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tiwọn náà dùn. Àwọn alágbádá tí wọ́n ń ti oníròyìn mọ́lé kò sì sàn jù wọ́n lọ. Kí gbogbo wọn rántí Creon: bí ìlú bá dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù, kò túmọ̀ sí pé ó fara mọ́ ọn. Olórí tó pa ẹnu Haemon mọ́ ti pàdánù ẹni tí ì bá kìlọ̀ fún un.