Kóòdù P0A80 Kì í Ṣe Ìdájọ́ Ikú fún Bátìrì

Bí iná pupa onígun mẹ́ta bá tàn nínú Toyota Prius tọ́kunbọ̀, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ṣe. Wọ́n á ki ẹ̀rọ sikáánì bọ̀ ọ́, kóòdù P0A80 á yọ, wọ́n á sì ní kí ọlọ́kọ̀ lọ ra bátìrì ńlá mìíràn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Lóòótọ́, ìwé sọ pé kóòdù náà ń pè fún pípààrọ̀ bátìrì, àmọ́ gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí ni pé fólìtì apá kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti ìyókù. Kò mọ ohun tó fà á.

Ẹ wo bátìrì Prius tí wọ́n ṣe láàárín 2004 sí 2009. Módù 28, ìyẹn bátìrì kéékèèké, ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fólìtì 7.2, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 201.6. Méjì-méjì ni kọ̀ǹpútà ń kà wọ́n, ìyẹn ìsọ̀rí 14, wáyà tín-ín-rín ló sì ń gbé ìròyìn wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibi tí wáyà wọ̀nyí ti kan bàbà tó so módù pọ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Bàbà náà á dógùn-ún, á máa yọ lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé, wáyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ fún kọ̀ǹpútà.

Mítà tí a fi ń wọn fólìtì ló ń tú irọ́ yẹn fó. Ká ní ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, sikáánì ní ìsọ̀rí karùn-ún jẹ́ fólìtì 12.5, àwọn yòókù sì ju 15 lọ. Kí mẹkáníìkì fi mítà kan orí módù méjèèjì tó wà nínú ìsọ̀rí náà. Bí mítà bá ní 15, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáyà tàbí bàbà ló bàjẹ́, fífọ̀ tàbí pípààrọ̀ wọn lè tó. Bí òun náà bá ní 12.5, módù ti kú nìyẹn. Bí gbogbo wọn bá sì dọ́gba, kó wò wọ́n lórí sikáánì nígbà tí ọkọ̀ ń fa agbára, torí módù tó rẹ̀ máa ń pé lójú títí iṣẹ́ á fi dé.

Àwọn kan ní iṣẹ́ yìí léwu, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ṣe fún 1000 fólìtì, kó yọ púlọ́ọ̀gì aláwọ̀ ọsàn ara bátìrì náà, kó dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú márùn-ún, kó má sì bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, torí iná ṣì wà nínú módù lẹ́yìn tí púlọ́ọ̀gì ti jáde. Ẹni tí kò bá ní ìbọ̀wọ́ yìí kò gbọdọ̀ ṣí bátìrì náà rárá.

Ihò atẹ́gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn náà ṣe pàtàkì. Bí eruku bá dí i, bátìrì tuntun pàápàá á gbóná kú.

Kí ọlọ́kọ̀ tó san kọ́bọ̀ fún bátìrì, ó yẹ kí mẹkáníìkì kọ fólìtì ìsọ̀rí 14 náà sínú ìwé fún un, ti sikáánì àti ti mítà. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́ kò tíì yẹ ọkọ̀ náà wò.