Fáìlì Àlájà Di Àwátì!

 

Àlájà kan tí wọ́n ń ta ata ní Ìpàta, n'Ílọrin níbí, ló ránṣẹ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní: "Ọmọ mi, bá mi kọ ọ́ sí ìwé ìròyìn yín!" Kí ló dé? Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí màmá ti ń gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọsibítù kan. Wọ́n débẹ̀ ní Mọ́ńdè, fáìlì ò sí. Nọ́ọ̀sì wá a títí, ó sú u, ló bá ní kí màmá lọ ra káàdì tuntun. Dókítà tuntun tó jókòó lọ́jọ́ náà ti fẹ́ kọ lisinopril fún wọn. Oògùn ọ̀hún kan náà ló ti mú kí ojú àti ètè màmá wú bí búrẹ́dì nígbà kan! Inú fáìlì tó sọnù yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé màmá ò gbọdọ̀ lò ó mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ wọn tó rántí. Bó bá ti wà nídìí iṣẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Ẹ máa ní kí ọsibítù ra kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣe sùúrù. Ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló ń ṣiṣẹ́, oríṣi méjì ló sì wà. Ọ̀kan dà bíi mọ́tò tí ẹni tó tà á ti bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ pa, tó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Bó bá bàjẹ́, òun nìkan ló lè tún un ṣe, iye tó bá pè ni wàá san. Lọ́jọ́ tí ọsibítù ò bá rówó san, fáìlì gbogbo aláìsàn lè há síbẹ̀. Èkejì, bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣí sílẹ̀. Wọn ò tà á, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà lè wo inú ẹ̀, kó sì tún un ṣe.

OpenMRS lorúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ní 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nígbà tí àrùn éèdì ń fojú Áfíríkà rí màbo. Ní 2006 wọ́n ti ń lò ó ní Eldoret, nílẹ̀ Kẹ́ńyà. Orí ẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ NMRS lé, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn tó ń gba oògùn éèdì ní Nàìjíríà.

Ilé-Ifẹ̀ pàápàá ti ń ṣe irú ẹ̀ tipẹ́. Ní 1989, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àtàwọn ará Fínlándì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún fún ọsibítù ńlá ibẹ̀. Ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà ń lò fáwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ́fẹ̀ẹ́, ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀. Àwọn ọmọ tiwa ló jókòó tì í, títí tó fi di MINPHIS.

Mi ò ní tàn yín o. Ọ̀fẹ́ yìí náà ń náni lówó. Iná NEPA ńkọ́? Wọ́n á ra sólà àti bátìrì. Ẹni tó ń tún ètò ṣe á gba owó oṣù. Kọ̀ǹpútà náà ṣeé jí gbé, nítorí náà ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn. Àṣírí aláìsàn sì ńkọ́? Láti 2023 la ti ní òfin tó ń dáàbò bo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti yín ṣe ìròyìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ọsibítù aládàáni, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ẹni tó ń tà á, ẹ bi í: bá a bá pínyà lọ́la, ṣé màá kó fáìlì àwọn aláìsàn mi lọ?

Ní ti Àlájà, wọ́n ti ra ìwé kan sínú àpò ọjà wọn. Ọmọ wọn kọ lisinopril sójú ewé kìíní, bírò pupa ló fi kọ ọ́.