Ta Ni Ó Ṣàwárí Gbòǹgbò Kíkorò?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń bí mi nínú nígbàkúùgbà tí mo bá rí i nínú ìwé: "ṣàwárí". Ẹ jẹ́ kí n fi ewéko kan ṣe àpẹẹrẹ.

Ewéko náà kéré. Ewé rẹ̀ nípọn, ó sì kún fún omi bí ewé ọ̀dúndún. Inú òkúta wẹ́wẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni ó ti ń hù fúnra rẹ̀. Àwọn ará Salish ní Montana ń pè é ní spetlum, gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ. Ìgbà ìrúwé, kí ó tó yọ òdòdó, ni wọ́n máa ń wà á, nítorí pé ìgbà náà ni èèpo rẹ̀ ń bó wẹ́rẹ́. Èèpo yìí ni ó korò jù. Wọn a bó o, wọn a sá a gbẹ, wọn a sè é. Ṣebí àwa náà mọ ohun tí à ń fọ ewúro fún.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1805, Meriwether Lewis tọ́ ọ wò. Ó korò lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e fún àwọn onílẹ̀, àwọn sì jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Ní 1806 ó mú díẹ̀ lọ sílé. Lẹ́yìn náà ni Frederick Pursh, onímọ̀ ewéko, sọ ọ́ ní Lewisia rediviva. Ẹni tí kò lè gbé e mì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ! Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ta ni Pursh wò?

Àwọn kan yóò ní orúkọ Látìnì ṣe pàtàkì kí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé lè gbọ́ ara wọn yé. Mo gbà. Rediviva gan-an tilẹ̀ tọ́ sí i, nítorí pé èyí tí Lewis mú lọ ti gbẹ pátápátá, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbìn ín, ó tún yè. Àwa tí à ń kọ ọ́ ní Yorùbá pé "Lewis ṣàwárí rẹ̀" ni mo ń bá wí, bí wọ́n ti kọ́ wa ní kékeré pé Mungo Park ni ó ṣàwárí Odò Ọya ní 1796, bí ẹni pé àwọn tí ń pẹja níbẹ̀ fọ́jú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní 1891 ni wọ́n lé olóyè Charlo àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní àfonífojì tí ń jẹ́ orúkọ gbòǹgbò yìí. Ní 1895, Montana fi òdòdó rẹ̀ ṣe òdòdó ìpínlẹ̀. Ọdún mẹ́rin péré! Wọ́n gba òdòdó, wọ́n lé ẹni tí ń jẹ gbòǹgbò. Àwọn Salish sì ń wà á títí di òní.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń túmọ̀ irú ìtàn yìí, ẹ kọ ọ́ pé "Lewis rí i lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀". Bí olùkọ́ bá fi gègé pupa fà á, ẹ bi í léèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: èyí tí Lewis kọ́kọ́ tọ́ wò, ta ni ó wà á?