Àyè Lẹ́tà Nínú Kọ̀ǹpútà: Ẹ̀kọ́ Láti Monrovia

Ní ọdún 1962, ìgbìmọ̀ kan jókòó ní Yunifásítì Làìbéríà, ní ìlú Monrovia, láti fìdí ìlànà ìkọsílẹ̀ èdè Vai múlẹ̀. Àwọn àmì sílébù tí Mọmọlu Duwalu Bukele gbé kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1833 ni wọ́n tò létòlétò. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà, ìrísí lẹ́tà nìkan kò tó. Nọ́ńbà odidi ni kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Bí àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún nọ́ńbà náà bá kéré jù, lẹ́tà yóò sọnù.

Nígbà tí ètò Unicode jáde ní ọdún 1991, èrò àwọn tó gbé e kalẹ̀ ni pé bíìtì 16 yóò tó gbogbo lẹ́tà ayé. Bíìtì 16 kò lè kà kọjá 65,535. Ní ọdún 1996, wọ́n fẹ àyè náà kọjá mílíọ̀nù kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ti fi bíìtì 16 ṣe ìpìlẹ̀. Vai wọlé ní ọdún 2008, láti nọ́ńbà 42,240. Àyè gbà á. Ti Bassa, èdè Làìbéríà mìíràn, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ tí Dókítà Thomas Flo Lewis polongo wọlé ní ọdún 2014, láti 92,880. Bí ètò kan bá gé nọ́ńbà yìí mọ́ bíìtì 16, 27,344 ni yóò ṣẹ́kù, lẹ́tà Ṣáínà ló sì ń gbé ibẹ̀. Ọmọ Bassa yóò kọ lẹ́tà èdè rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì fi ti àjèjì hàn án. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà, kì í sì í ṣe ẹ̀bi èdè rẹ̀.

Irú ìṣòro yìí bá Linux náà fínra. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà oníbíìtì 32, nọ́ńbà oníbíìtì 32 ni kernel rẹ̀ fi ń pa àdírẹ́sì àwọn ohun èlò ẹ̀rọ mọ́. Ìyẹn kò kọjá gígábáìtì 4, bẹ́ẹ̀ ni àdírẹ́sì àwọn kan nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí jẹ́ bíìtì 36, tó dé gígábáìtì 64. Ní ọdún 2006, wọ́n dá irú nọ́ńbà tuntun sílẹ̀, resource_size_t. Iṣẹ́ tí nọ́ńbà náà ń ṣe ni orúkọ yìí ń sọ, kò sọ bí ó ti fẹ̀ tó. Ẹ̀rọ kékeré lè lo bíìtì 32 kí ó má baà fi àyè ṣòfò. Èyí tó nílò jù bẹ́ẹ̀ lè lo 64. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí a fẹ́ gbà sílé ni a fi ń díwọ̀n ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nìkan. Lẹ́tà Adlam, tí àwọn kan fi ń kọ Fúlàní, bẹ̀rẹ̀ láti 125,184. Ẹ́ ti Yorùbá pàápàá, nọ́ńbà méjì ló ń gbà. Nítorí náà, kí ilé-ìwé tó ra ètò èyíkéyìí, ó yẹ kí olùkọ́ èdè tẹ lẹ́tà Bassa, ti Adlam àti ẹ́ sínú rẹ̀, kí ó pa á mọ́, kí ó tún ṣí i. Bí ọ̀kan bá yí padà, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ó sì yẹ kí ìgbìmọ̀ àkọtọ́ máa pe onímọ̀ kọ̀ǹpútà jókòó. Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Ẹni tó bá fún un pọ̀ ló ń lé ẹyẹ.