Ilé Ọba Tó Jó: Níbo Ni Wọ́n Da Eérú Rẹ̀ Sí?

 

Mo ka ìwé wa tó jáde kẹ́yìn láti páálí iwájú dé páálí ẹ̀yìn. Mo ka ewì tí ọ̀kan nínú wa kọ lórí ìdọ̀tí. Ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ ìdọ̀tí láyé, ojú ẹni ni kò ríran. Ó ní táyà tó bẹ́, dúrọ́ọ̀mù tó ṣófo, ilé tó wó, owó ni gbogbo wọn. Ewì náà dùn, n kò ní parọ́. Èmi gan-an pàtẹ́wọ́ nígbà tó kà á fún wa. Ṣùgbọ́n mo délé, mo tún un kà, inú bí mi. Òwe tó fi kádìí rẹ̀ ló bí mi nínú jù: ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ dákun, ta ló kó eérú ilé ọba yẹn? Níbo ni wọ́n dà á sí? Ẹnu ọ̀nà ta ni?

Ẹnu ọ̀nà tèmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ilé tí mo háyà yàrá sí ní Ọ̀yẹ́ níbí, ojú ọ̀nà tó wọ inú rẹ̀ máa ń di àbàtà lásìkò òjò. Lọ́dún tó kọjá, lánlọ́ọ̀dù wa ra àwókù ilé típà méjì, wọ́n dà á sójú ọ̀nà náà, wọ́n fi ṣọ́bìrì tẹ́ ẹ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn, ká má purọ́. Búlọ́ọ̀kù fífọ́ wà níbẹ̀, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ àwọn páànù sìmẹ́ńtì aláwọ̀ eérú tí wọ́n fi ń bo ilé, tí wọ́n sì fi ń ṣe sílíìn láyé ìjọ́un. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó wà lórí ọ̀pọ̀ ilé ìjọba àti ilé ìwé àtijọ́ títí di òní. Nínú irú páànù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń po nǹkan tó ń jẹ́ asbestos mọ́ sìmẹ́ńtì.

Ọ̀kadà ń gun ún. Mọ́tò lánlọ́ọ̀dù ń gun ún. Nígbà tí ọyẹ́ máa fi dé Ọ̀yẹ́ (ẹ má bínú, akéwì ni mí), ó ti di lúbúlúbú. À ń gbá a láàárọ̀, ó ń padà wọlé lálẹ́, ó ń bà lé aṣọ tí a sá. Gbogbo ìyẹn mo lè gbà. Ohun tí n kò lè gbà ni ọmọ ìyá tó ń gbé yàrá kejì sí tèmi, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ti ṣàwárí pé páànù fífọ́ yẹn ń kọ ojú ògiri bíi ṣọ́ọ̀kì. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó síbẹ̀, tó ń fi í họ ògiri, tó ń fẹ́ eruku rẹ̀ nù pẹ̀lú ẹnu.

Ẹ fojú inú wò ó. Pẹ̀lú ẹnu.

Bí asbestos ṣe ń ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀ nìyí. Bó bá wà lódindi lókè àjà, tẹ́nì kan ò fọwọ́ kàn án, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá èèyàn jà. Ìgbà tí wọ́n bá fọ́ ọ, tí wọ́n rẹ́ ẹ, tí wọ́n lọ̀ ọ́, ni ìjà dé. Fọ́nrán tín-ín-tín tí ojú kò lè rí ló máa ń bọ́ lára rẹ̀, tí èèyàn á fà símú, tí á lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró tí kò ní jáde mọ́. Kì í pa èèyàn lọ́jọ́ náà. Ó lè lo 20 ọdún, ó lè lo 40, kó tó di jẹjẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀: ẹni tó da páànù sílẹ̀ lónìí lè ti kú, kí ọmọ tó fi í ṣe ṣọ́ọ̀kì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí irú asbestos kan tí kì í fa jẹjẹrẹ. Ìṣirò wọn ni pé àwọn tó kú lọ́dún kan nítorí pé wọ́n bá a pàdé lẹ́nu iṣẹ́ nìkan lé ní 200,000. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é ní 1999, Gúúsù Áfíríkà tí ń wà á nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ fòfin dè é ní 2008.

Mo bá lánlọ́ọ̀dù sọ ọ́. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe mọ̀ pé asbestos ni. Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fojú di í. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dá sí i: ta ló yẹ kó wá ẹ̀rí yẹn, ẹni tó ń fa eruku símú ni àbí ẹni tó ra típà méjì láìbéèrè ilé tí wọ́n wó?

Ibẹ̀ gan-an ni ewì ọ̀rẹ́ mi ti ṣì wá lọ́nà. Kì í ṣe pé àtúnlò burú. Ìyá ìyá mi tó wà lábúlé lápá Ìkọ̀lé, tí ń pe ilé ní "ulé", tí ń pe iná ní "uná", kò da nǹkan kan nù rí láyé. Eérú èèpo kòkó ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Ìhá tó ṣẹ́kù bí wọ́n bá fún epo tán, wọ́n á fi ṣe ògùṣọ̀. Èèpo ekùrọ́ ń lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ògiri amọ̀ tó wó, wọ́n á bomi rin ín, wọ́n á tún un pò, ó tún di ògiri. Bí a bá ń wá ọ̀jọ̀gbọ́n nínú àtúnlò, Ìyá Àgbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tún lò yẹn tí wọn ò mọ ìyá tó bí i. Wọ́n mọ igi tí èèpo kòkó ti wá. Dúrọ́ọ̀mù búlúù tí à ń rà lọ́jà ńkọ́, ta ni ìyá rẹ̀? Kí ló wà nínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wa: ọṣẹ ni, oògùn ẹ̀fọn ni, ásíìdì ni? Bí o bá bi ẹni tó ń tà á, á ní "a ti fọ̀ ọ́". Mo ní kí ló wà nínú rẹ̀, o ní o ti fọ̀ ọ́!

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó rìn dé Koko. Ìpínlẹ̀ Delta ló wà báyìí, Bendel ni nígbà náà, ní ilẹ̀ àwọn Itsekiri tí èdè wọn jẹ́ ọmọ ìyá èdè wa. Láàárín 1987 sí 1988, wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó nǹkan bí 18,000 dúrọ́ọ̀mù wá síbẹ̀ láti Ítálì. Ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ló kún inú wọn, májèlé tí wọ́n ń pè ní PCB wà lára rẹ̀. Àgbàlá tí wọ́n kó o sí, nǹkan bí 100 dọ́là lóṣù ni wọ́n háyà rẹ̀. Apá tó ń dùn mí jù nínú ìtàn náà kò kan ọkọ̀ rárá. Àwọn ará ìlú rí dúrọ́ọ̀mù tó dára, wọ́n da ohun tó wà nínú àwọn kan dànù, wọ́n sì gbé wọn lọ sílé láti fi pọn omi. Ẹ ò rí i pé àtúnlò ni. Ewì ọ̀rẹ́ mi yóò pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó tú àṣírí? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, tí wọ́n ń jẹ gbèsè bíi tiwa, ló ta àwọn oníwèé ìròyìn ilé lólobó. Ariwo sọ. Wọ́n kó ẹrù náà padà, àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ Karin B gbé apá kan rẹ̀ dé Yúróòpù, èbúté lórí èbúté ló lé e. Kí 1988 tó parí, ìjọba ológun ti gbé Òfin 42 jáde, tó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére láti kó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wọ̀lú, àti Òfin 58 tó dá àjọ FEPA sílẹ̀. Láti 2007, NESREA ló wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yẹn.

Tòun tòfin náà, ẹ wo ohun tí àwa fúnra wa ń ṣe fún ara wa. Òjé inú bátìrì mọ́tò ni kí ẹ mú. Alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ ní ìdàrọ́, ilé iṣẹ́ bátìrì náà ní ìdàrọ́ tiẹ̀, ṣùgbọ́n tiẹ̀ ń ba ilẹ̀ jẹ́: Adie àti Osibanjo ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 2009. Ní Ògijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, iṣẹ́ ńlá ni yíyọ́ bátìrì àlòkù kí òjé inú rẹ̀ lè di ọjà òkè òkun. Ní 2025 àwọn oníròyìn mú kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 70 wò níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó múlé gbè wọ́n. Nínú ẹni 10, 7 ló ní òjé tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá lára. Bẹ́ẹ̀ àtúnlò ni orúkọ tí wọ́n kọ sára géètì.

Ti àwọn tó ń fi táyà jó awọ màlúù di pọ̀nmọ́ ńkọ́? Mo fẹ́ràn pọ̀nmọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n má sọ púpọ̀. Ti ìkòkò tí wọ́n ń fi àlòkù ẹ́ńjíìnì àti páànù yọ́ ńkọ́? Wọ́n yẹ 42 wò láti orílẹ̀-èdè 10 ní 2017, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta tí òjé inú rẹ̀ tó ohun tí à ń bẹ̀rù.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní kí ni kí tálákà ṣe? Dúrọ́ọ̀mù tuntun ti di ọ̀wọ́n, àwókù ilé ló wà. Òótọ́ ni, èmi náà ò ní dúrọ́ọ̀mù tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí owó ń gbà lọ. Ẹni tó wó ilé gba owó iṣẹ́. Onítípà gba owó ẹrù. Lánlọ́ọ̀dù fi owó yẹtuyẹtu tún ọ̀nà ṣe, ó sì fi kún rẹ́ǹtì. Ọmọ ọdún mẹ́ta ló gba eruku. Bí wọ́n bá ń sọ fún wa pé ìdọ̀tí di owó, ká máa béèrè pé owó ta ni, ìdọ̀tí ta ni. Ìbéèrè kì í ná ni ní kọ́bọ̀. Onítípà mọ ibi tó ti kó ẹrù. Kó sọ ọ́ kó tó já a sílẹ̀. Ẹni tó wó ilé rí páànù yẹn lójú ara rẹ̀ kó tó fọ́ ọ. Ó lè fi omi rin ín, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lódindi, kó dì í sínú ọ̀rá tó nípọn, kó sì bò ó mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, tí kò sẹ́ni tó máa gbẹ́ ẹ. Kò gba dígírì.

Àwa náà ńkọ́, àwa akéwì? A ti kọ ewì nípa òṣùpá tó. Ọ̀rẹ́ mi tó kọ ewì yẹn lẹ́bùn jù mí lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú sí i. Ẹnu tó dùn tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa ṣe ìpolówó ọjà fún onítípà.

Mo tún lọ bá lánlọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ìwé ti pọ̀ lórí yín. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn, mo sì sọ fún wọn pé màá padà wá, pé n kò ní dá wá. Ìyá ọmọ náà ti bá mi ra ṣọ́ọ̀kì gidi, páálí kan, ó sì ń ṣọ́ ọ. Lẹ́tà tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn wà lórí tábìlì mi: kí wọ́n kó páànù yẹn kúrò kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, kí wọ́n bomi rin ín kí wọ́n tó kó o, kí wọ́n má sì tà á fún ẹlòmíràn. Ènìyàn 9 ló ti fọwọ́ sí i. Yàrá 6 ni mo wà. Ẹ mú báírò yín dání, tèmi ti gbẹ.