Ẹ Má Da Kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù Sí Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ Mọ́

Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlá-Ọ̀ràngún, bí ṣéènì kẹ̀kẹ́ ológeere bá ti ń ké, ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, èyí tí à ń pè ní kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, ni wọ́n ń dà sí i. Ariwo á dákẹ́, inú oníkẹ̀kẹ́ á dùn. Èmi sọ pé ẹ̀tàn ni. Ìda àbẹ́là ló yẹ kí a máa fi tọ́jú ṣéènì, nínú ilé, pẹ̀lú ọwọ́ ara wa.

Ojú mi ló rí i. Nínú ọyẹ́ tó kọjá, mo gbé àbúrò mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan, ṣéènì já, a ṣubú. Orúnkún àbúrò mi bó, àwa méjèèjì sì pẹ́ dé ìdánwò. Kì í ṣe pé mi ò da kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù sí i o. Ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀ ni mo rọ ọ́ sí i dáadáa.

Irú ṣéènì yìí, tí Hans Renold ṣe ní Manchester lọ́dún 1880, ní àwọn rólà kéékèèké tó ń yí. Inú wọn lọ́hùn-ún ni irin ti ń jẹ irin, kì í ṣe ìta tí ojú ń rí. Ọ́ìlì máa ń gba eruku mọ́ra, kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù tilẹ̀ ti ní èérún irin ẹ́ńjìnnì nínú tẹ́lẹ̀. Bí eruku pupa ọ̀nà oko bá pò mọ́ ọn, á máa lọ ṣéènì bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Ṣùgbọ́n bí ìda bá ti tutù, ó ń le, eruku kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

Iṣẹ́ náà kò le. Ẹ tú ṣéènì, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ fi omi ọṣẹ ṣàn án, ẹ sá a kó gbẹ. Ẹ kó àbẹ́là sínú agolo, kí ẹ gbé agolo sínú ìkòkò omi gbígbóná. Ẹ má gbé ìda lé iná tààrà, ó lè gbiná! Ẹ ri ṣéènì bọ inú rẹ̀, ẹ rọra mì ín, ẹ fi kọ́ kó tutù.

Àwọn kan á ní ọ̀fẹ́ ni kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. Ọ̀fẹ́ wo? Ẹ ka owó ṣéènì tuntun àti ti aṣọ ilé ìwé tí ọ́ìlì bà jẹ́. Àjókù àbẹ́là tí à ń jù nù nígbà tí iná bá dé pàápàá wúlò. Bàbá mi ní òjò á ṣí ìda kúrò. Òótọ́ ni, nígbà òjò, a ó máa tún un ṣe léraléra kó má baà dípata.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró de ìgbà tí ọmọ bá ṣubú. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí kún iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ ń kọ́ wa. Orúnkún àbúrò mi ti jinná, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.